Máàpù ní nóòdù wa wà ní Ìjọ̀kà, àṣé ó ti kó lọ: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ará Òkè-Àró

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ní kí n kọ ọ́ síbí kí ẹ̀yin náà lè fi tiyín kún un. Èmi ni mo ń tọ́jú máàpù àwọn nóòdù rédíò wa l'Akúrẹ́ níbí, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ rédíò kékeré tó ń gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó sì ń fi í ránṣẹ́, nóòdù 11 ni gbogbo ẹ̀, sọ́fíwíà tí wọ́n ń pè ní Meshtastic ló ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, a gbé àwọn kan sórí stáńdì táǹkì omi, àwọn kan wà lórí páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá: kò lo SIM, kò lo òpó iléeṣẹ́ fóònù kankan, nóòdù kan á gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì, á jù ú sí èkejì, èkejì á jù ú sí ẹ̀kẹta, bí àwọn lébírà ṣe máa ń ju búlọ́ọ̀kù láti ọwọ́ dé ọwọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń tibi tí wọ́n ti ṣe é bọ̀, ìjù 3 ni wọ́n fún mẹ́sẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan, èèyàn lè sún un dé 7, kò lè kọjá ìyẹn. Torí náà ẹ ò lè ṣeré pẹ̀lú ibi tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wà. Tí ọwọ́ kan bá sọnù láàárín, ibẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù máa jábọ́ sí.

Nígbà òjò èṣí, ìjì kan jà lálẹ́, iná lọ, kò pẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà dákẹ́ ní gbogbo ìhà ọ̀dọ̀ wa. Mo jókòó ti rédíò mi ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ọ̀bà-Ilé, wọ́n ní kí n bá àwọn pe àbúrò ìyàwó wọn, nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀yìn ilé wa níbí ló ń gbé, wọ́n ní ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀. Mo sáré lọ pè é. Ó ní kí n bi wọ́n bóyá ilé ni kí òun wá àbí ọsibítù. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mo ṣí máàpù tó wà lórí fóònù mi, nóòdù Ìjọ̀kà tó yẹ kó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, àwọ̀ ewé ló ní lórí máàpù, àwọ̀ tó túmọ̀ sí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọkàn mi ní bátìrì ẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́. Mo gbé bátìrì kan sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà nínú òjò yẹn, mo dé Ìjọ̀kà, mo gbójú sókè, mi ò rí áńtẹ́nà, páìpù gan-an ò sí níbẹ̀ mọ́. Màmá kan tó ń din àkàrà lábẹ́ ìbòjì ọ̀ọ́kán ló sọ fún mi pé, "Ṣé bùrọ̀dá tó so irin mọ́ òrùlé yẹn lẹ ń wá? Ah, wọ́n ti kó lọ sí Alágbàká, ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

Oṣù mẹ́jọ! Mo dúró síbẹ̀, omi ń ṣàn lára mi, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Nígbà tí mo fi padà délé, nọ́ọ̀sì yẹn ti lọ sí Ọ̀bà-Ilé fúnra ẹ̀, ó bá ilé tó ṣófo, wọ́n ti gbé ìyàwó lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run ṣeun, ìyá sọ̀, ọmọ sọ̀, ọmọkùnrin ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi dòní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á, torí ó lè máa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì láìmọ̀. Nóòdù yẹn ò ní GPS nínú. Ọjọ́ tá a gbé e sókè, èmi ni mo tẹ nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí Ìjọ̀kà wà lórí máàpù sí i, mo sọ fún un pé ibi yìí lo wà, má yí i padà. Inú ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń gbé. Nígbà tí àbúrò wa tó ni ín kó lọ sí Alágbàká, ó tú u, ó gbé e dání, ó tún un so, ó tan iná sí i, ẹ̀rọ náà sì ń bá a lọ láti máa pariwo pé Ìjọ̀kà lòun wà. A ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lóòótọ́, àdírẹ́sì tó ń sọ ló ti di ti àná. Àbúrò yẹn ò purọ́, òun gan-an ò mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kóun yí padà, èmi tí mo ń tọ́jú máàpù ló yẹ kí n ti bi í.

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òpó méjì (kọ́lọ́ọ̀mù) nínú ìwé tí mo fi ń ṣe máàpù: ọjọ́ tá a gbọ́ ọ kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ẹnì kan fojú rí i kẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ti ìkejì, èèyàn gbọ́dọ̀ dé abẹ́ áńtẹ́nà yẹn, kó dúró, kó jẹ́ kí GPS fóònù ẹ̀ fara balẹ̀ dáadáa (ẹ má kọ nọ́ńbà tó kọ́kọ́ já síwájú yín o, ó máa ń rìn kiri fún ìgbà díẹ̀), kó wá kọ ọ́. Mo tún máa ń kọ bí áńtẹ́nà ṣe ga tó sílẹ̀, ìhà tí nǹkan ti dí i, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Sátidé mẹ́fà ni mo fi rìn ín yípo, ó ku ẹyọ kan. Nínú 10 tí mo dé, mẹ́rin ò sí níbi tí máàpù sọ, méjì ti kú pátápátá, ẹruku ọyẹ́ ti bo sólà ọ̀kan débi pé mo rò pé páálí ni.

Ẹ wá sọ tiyín, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ South Gate

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ọmọ FUTA ni mí, ẹ̀yìn South Gate ni mò ń gbé. Tèmi yí tiyín sódì ni, tèmi ń rìn ni! Mi ò tẹ nọ́ńbà kankan sí i, áàpù orí fóònù mi ló ń sọ ibi tí mo wà fún nóòdù, mi ò mọ̀ pé mo gbà á láyè. Tí mo bá wà ní yàrá, nóòdù wà ní yàrá, ó dáa. Ọjọ́ kan mo gbé rédíò kékeré yẹn sínú báàgì lọ sí Ọjà Ọba, mo ra ata, mo ra ẹja, bátìrì ẹ̀ kú síbẹ̀ kí n tó kúrò. Mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mi ò chájì ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin torí ìdánwò. Fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn, máàpù ní mo wà láàárín àwọn oníṣu l'Ọ́jà Ọba. Ẹnì kan nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò pé nóòdù tuntun ti dé sí ọjà, pé òun máa kọjú áńtẹ́nà òun síbẹ̀, ó ti gun orí àkàbà kó tó bi mí. Ó dùn mí gan-an torí ó ti ṣe wàhálà lásán.

Báyìí, èyí tó wà lójú kan ní yàrá mi, mo ti tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sí i. Èyí tí mò ń gbé rìn, mo kọ "alárìnkiri" mọ́ orúkọ ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbójú lé e.

Bàbá l'Óǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní láísẹ́nsì rédíò, 5N, àmì ti Nàìjíríà, ni àmì ìpè mi fi bẹ̀rẹ̀, AREDN lèmi ń lò, ìyẹn tá a fi ń sọ ráútà WiFi di ti àwa onírédíò, tá a máa kọ àmì ìpè wa mọ́ orúkọ nóòdù kọ̀ọ̀kan. Òun náà ní ibi tí wọ́n ti máa ń ní kéèyàn tẹ nọ́ńbà ibi tó wà.

Oǹdó wà ní 7.09 sí àríwá, 4.84 sí ìlà-oòrùn. Mo fi èyí tó yẹ kó ṣíwájú sẹ́yìn. Ẹ mọ ibi tó gbé mi lọ? Port Harcourt! Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, 4.84 àríwá, 7.09 ìlà-oòrùn, Port Harcourt ni, ó jìn sí ibi tí mo wà tó bíi kìlómítà 350. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Akúrẹ́, 7.25 àti 5.19, ìtòsí Aba lẹ máa bá ara yín. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí: ní ilẹ̀ míì, tẹ́ ẹ bá gbé nọ́ńbà méjèèjì fúnra wọn, ẹ máa jábọ́ sínú òkun tàbí sí aginjù, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé àṣìṣe ni. Tiwa, inú Nàìjíríà náà la ṣì máa bọ́ sí, ní ìlú ńlá tí èèyàn ń gbé, kò sí ohun tó máa ta ẹnikẹ́ni lólobó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà ní Port Harcourt lórí máàpù kí ẹnì kan tó ń kà á tó béèrè pé irú áńtẹ́nà wo ni bàbá yìí ń lò.

Ẹ má sì fi àpótí máàpù wa dípò nọ́ńbà (àwa onírédíò pín ayé sí àpótí-àpótí, JJ27 ni tiwa). JJ27 kó Akúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè, Ọ̀wọ̀, Adó-Èkìtì àti Ilé-Ifẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo. Kódà tẹ́ ẹ bá fi lẹ́tà méjì kún un, àpótí yẹn ṣì fẹ̀ tó kìlómítà 9, ó sì ga ju 4 lọ, àárín àpótí ni máàpù máa fi yín sí, kì í ṣe ilé yín. Ó dáa fún kéèyàn sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, kò dáa fún ẹni tó fẹ́ kọjú áńtẹ́nà síra.

Ẹni Ìdànrè

Ẹ ṣé bàbá. Èmi, ìsẹ́jú ló ṣe mí. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi ni 7°6′ àti 5°6′, mo tẹ 7.6 àti 5.6. Àṣé 60 ni ìsẹ́jú wà nínú dígíìrì kan, 6 yẹn 0.1 péré ni, 7.1 àti 5.1 ló yẹ kó jẹ́. Nóòdù tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè lọ jókòó sókè lọ́hùn-ún, níbi tí Èkìtì ti fẹ́ kan Àkókó. Àwọn ará Akúrẹ́ wo máàpù, wọ́n ní òkè kankan ò dí wa, kí ló dé tá ò gbọ́ra? Àpáta ńlá ló wà láàárín wa nígbà yẹn, máàpù ni ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ìyá Sólà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìhà kejì. Mo fi nọ́ńbà tó péye gan-an sí máàpù tí gbogbo ayé lè rí, mo tún fi fọ́tò sólà sí i, inú mi ń dùn. Kò tó oṣù kan, wọ́n gun òrùlé mi lóru, wọ́n gbé sólà lọ, wọ́n gbé bátìrì lọ, nóòdù nìkan ni wọ́n jù sílẹ̀ sínú àgbàlá. Mi ò lè búra pé máàpù ló júwe ilé fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí látìgbà náà. Ọmọ mi ló fi hàn mí pé èèyàn lè dín bí ibi tó ń polongo ṣe péye tó kù, kó máa sọ àdúgbò láìsọ ilé. Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe sí èyí?

Ará Òkè-Àró

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú òfò nǹkan. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni: èyí tó péye wà nínú ìwé wa, àwa mẹ́ta péré ló ń rí i, èyí tó wà níta ń sọ àdúgbò nìkan. Kò sí fọ́tò níta rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kọjú áńtẹ́nà sí nóòdù kan á bi wá, a máa fún un ní nọ́ńbà lẹ́yìn tí ẹni tó ni nóòdù bá ti gbà. Ó ń pẹ́ díẹ̀, ó ń bí àwọn ọ̀dọ́ nínú, ṣùgbọ́n mi ò ní yí i padà, ilé onílé ni.

Bàbá, nítorí ohun tẹ́ ẹ kọ, mo ti yẹ gbogbo 11 wò lónìí. Ní Akúrẹ́ tiwa, nọ́ńbà àríwá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, ti ìlà-oòrùn pẹ̀lú 5, mo ti ṣe é sínú ìwé náà pé tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kó di pupa. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ 0 àti 0, èyí tí GPS ẹ̀ ò tíì rí sátẹ́láìtì rí, àárín òkun níwájú Gánà lọ́hùn-ún ló ń jókòó sí, mo ti yọ ọ́ kúrò títí ẹni tó ni ín fi máa dáhùn.

Ó ku Ọ̀bà-Ilé, ilé ẹ̀gbọ́n wa yẹn gan-an, mi ò tíì fojú rí tibẹ̀ láti ọjọ́ ìjì náà. Sátidé yìí ni mò ń lọ. Ìyá ọmọ ní kí n gbé àkàbà dání, torí èyí tó wà nílé wọn ti kán, pé kí n sì wá wo ọmọ, ó ti ń fà.