Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́: ìrírí àwa tí a tọ́jú fún jẹjẹrẹ táírọ́ìdì

Olùkọ́ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Télọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń wọn ọrùn mi fún bùbá tí a fẹ́ wọ̀ síbi ìsìnkú ìyá ọkọ mi, ó dá ọwọ́ dúró, ó ní, "Mọ̀ọ́mì, kókó kan wà níbí o." Mo fọwọ́ kàn án, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìyá tó bí ìyá mi ní gẹ̀gẹ̀ títí ó fi dolóògbé, kò sì sí ẹni tó kà á sí àìsàn nílé wa. Gẹ̀gẹ̀ ni mo pe tèmi náà fún oṣù mẹ́jọ. Ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín fa díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò ni mo tó gbọ́ orúkọ rẹ̀: jẹjẹrẹ táírọ́ìdì, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, irú jẹjẹrẹ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní papillary, tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo irú rẹ̀, tó sì máa ń ṣe àwa obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ.

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni dókítà tó sọ ọ́ fún mi. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ń ṣa jẹjẹrẹ ṣà ni, èyí ni kí n ṣà, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ní in ló ń yè é. Òótọ́ ló sọ, n kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ẹnu mi ti wọ̀: ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ẹ̀rù ń bà mí, nígbà tí wọ́n ti sọ fún mi pé oríire ni mo ṣe?

Wọ́n yọ táírọ́ìdì náà tán pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, fún oògùn áyódíìnì onítànṣán tó ń pa ohun tó bá ṣẹ́ kù lára táírọ́ìdì, nítorí pé ilé ìwòsàn tó ń lò ó kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ìrìn àjò yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Kí áyódíìnì náà tó lè ṣiṣẹ́, ebi áyódíìnì gbọ́dọ̀ ti máa pa ara, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní TSH, tó máa ń ta táírọ́ìdì jí, sì gbọ́dọ̀ ti lọ sókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí n dá levothyroxine dúró, ìyẹn oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ táírọ́ìdì tí wọ́n ti yọ, kí n sì jìnnà sí iyọ̀ tí wọ́n po áyódíìnì mọ́. Ẹ lọ wá iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì ní Ọjà Ọba ní Adó, kí ẹ wá júwe ìsọ̀ tí ẹ ti rí i fún mi! Kò sí àpò tí mo gbé wò tí wọn kò kọ ọ́ sí lára. Iyán kò ṣòro, iyán kì í ní iyọ̀. Ọbẹ̀ ni wàhálà, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, tí kò ní edé, tí kò ní ẹja gbígbẹ, tí kò ní magí. Ọmọ Èkìtì tí iyán bá sú, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é.

Síbẹ̀, oúnjẹ kọ́ ló gbé mi ṣánlẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta tí n kò lo oògùn, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń ta gbogbo ènìyàn lágbárí. Súwẹ́tà ni mo ń wọ̀ lọ sí kíláàsì. Ojú mi wú. Mo ń gbàgbé orúkọ ọmọ tí mo ti kọ́ fún odindi ọdún méjì. Ẹ̀yìn náà ni ìbànújẹ́ kan dé tí n kò mọ orísun rẹ̀: kì í ṣe ikú ni mò ń rò, n kò tilẹ̀ ro ohunkóhun. Mo máa ń jókòó sétí ibùsùn láago márùn-ún ìdájí pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Ọkọ mi rò pé mo ń bá òun yan odì. Ìyá mi ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé bí èròjà táírọ́ìdì bá lọ sílẹ̀ lára ènìyàn, ó lè fa ìsoríkọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n sọ ti àárẹ̀, wọ́n sọ ti òtútù. Wọn kò sọ ti ọkàn. Ká ní mo mọ̀ pé ohun tó ní òpin ni, ǹ bá ti fara dà á lọ́nà mìíràn.

Ní Ìbàdàn, mo gbé kápúsù náà mì, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Òkèèrè ni nọ́ọ̀sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo délé, n kò gbọdọ̀ gbé àbíkẹ́yìn mi mọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ìtànṣán náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ó ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bi mí pé, "Mọ̀ọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Lẹ́yìn oṣù méjì ni a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ankárá kan náà ni gbogbo ẹbí wọ̀, mo sì jó dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n ní, "Ó parí!" Ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò fojú kan oorun. Ọwọ́ mi ń wá kókó kiri ọrùn bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù, apá ọ̀tún, apá òsì. Mo ti padà sídìí oògùn nígbà náà, òtútù ti lọ, ìbànújẹ́ tó ṣú bo ojú mi ti ká, ṣùgbọ́n ìpayà ti jókòó sí àyè rẹ̀.

Bàbá kan, Ìjerò-Èkìtì

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Oògùn kò sí lára tiyín; tèmi, ó pọ̀ jù ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún mi ní levothyroxine tó ju ohun tí ara ń béèrè lọ, kí TSH lè wà nílẹ̀, kí ó má baà ta jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́ kù jí. N kò ta ko èyí, ó nídìí. Ṣùgbọ́n àyà mi ń lù bí ìlù bẹ̀ǹbẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ní ìbuwọ́lùwé mi kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, oorun sì di ohun àlejò. Mo gbà pé ikú ló ń kan ilẹ̀kùn. Mo pe àkọ́bí mi wá láti Àkúrẹ́, mo mú un lọ sóko, mo sì fi ààlà ilẹ̀ hàn án láti orí igi kan dé orí igi kan. Ọmọ náà sunkún. Mo tún gun orí òkè àdúrà lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀dọ́mọdé dókítà kan ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: "Bàbá, ṣé ẹ ń sùn?" Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n dín oògùn náà kù díẹ̀, wọ́n sì ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí oògùn yìí kì í yí ara padà lọ́jọ́ kan. Àyà mi balẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀: nǹkan kan ṣẹ́ kù tí kì í ṣe ti oògùn, tèmi fúnra mi ni.

Wọ́n ní kí n lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀, kí ará ìlú má baà sọ pé tísà àná ti ya wèrè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fa fìlà bo ojú, mo lọ. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá lórí bẹ́ǹṣì ni ọ̀gá ilé ìwé kan tí a jọ ṣiṣẹ́. A kí ara wa, a sọ̀rọ̀ nípa òjò tí kò tètè rọ̀, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì ní ohun tó bá wá.

Ọmọbìnrin kan, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ìyá mi ni tèmi. Alámọ̀ ni wọ́n ń kọ; kò sí òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó ládùúgbò wa tí wọn kì í ránṣẹ́ pè wọ́n sí. Iṣan tín-ínrín tó ń darí ohùn gba ẹ̀yìn táírọ́ìdì kọjá, ó sì fara gbọgbẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n jí, ohùn wọn dà bí ìgbà tí a bá ń fa páálí lórí sìmẹ́ǹtì. Dókítà ní ó lè padà láàárín oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn oṣù keje, díẹ̀ ti padà, ṣùgbọ́n kò lè gòkè mọ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ rí. Wọn kì í jáde, wọn kì í gbé fóònù, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fi ń kọrin ta ọmọ àbúrò wọn lọ́rẹ. Àwọn ènìyàn ń sọ fún wọn pé ohùn kéré sí ẹ̀mí. Mo ti rí i pé gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi kì í jẹun alẹ́.

Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́: kí ni wọ́n ṣe fún yín nípa ìpayà yẹn? Ṣé kí n mú ìyá mi lọ láìsọ ibi tí à ń lọ fún wọn?

Olùkọ́ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ má tàn wọ́n lọ o, àbúrò mi. Tí wọ́n bá débẹ̀ tán tí wọ́n rí i pé ẹ tàn wọ́n, wọn kò ní gbà yín gbọ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ni ìtọ́jú náà lápá kan. Ẹ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú ọrùn wọn ní ojú wọn pé wọn kì í jẹun, pé wọn kì í jáde. Kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ná kí ó lè mọ̀ bóyá oògùn wọn tó. Kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tó ń tọ́ ohùn sọ́nà.

Ní tèmi, obìnrin kan ni wọ́n ní kí n máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kò sọ pé kí n máa dúpẹ́. Ó ní kí n máa fọwọ́ kan ọrùn mi lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, nílé ìwẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni mo ń jókòó lé ọwọ́ mi. Ó ti rọrùn díẹ̀ báyìí, àyàfi nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà bá kù dẹ̀dẹ̀, ìyẹn thyroglobulin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá jẹjẹrẹ náà tún ti yọjú.

Èsì tèmi yóò jáde lọ́jọ́bọ̀. Láti ọjọ́ Ajé, oorun mi kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Mo ti sọ fún ọkọ mi lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì máa ń jí wá jókòó tì mí sétí ibùsùn. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ sùn lọ.