Ẹ bá mi wo nǹkan pẹlẹbẹ tó ń wọ́ lára ògiri

Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì: Ẹ kú ilé o. Nǹkan kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi, pẹlẹbẹ, bí ẹ̀gúsí tí eruku bò. Iyanrìn ni mo pè é, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo fi ìgbálẹ̀ tọ́ ọ, orí yọ lápá ibí. Mo tún tọ́ ọ, orí yọ lápá kejì! Ìyá onílé ní ìdun ni, kí n wọ́n kẹrosíìnì yí yàrá ká. Àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀ o.

Wàsíù Ẹ̀pẹ́: Ẹ gbá a dànù, ó tán.

Pẹ́ntà Ìkòròdú: Ìyá Ìbejì, ẹ má wọ́n kẹrosíìnì o, iná ò mọ ọmọdé. Kì í ṣe ìdun, kì í mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ àfòpiná kékeré kan ni tí kò tíì hu ìyẹ́. Phereoeca ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilé rẹ̀ lẹ rí tó ń wọ́ kiri yẹn. Òwú tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ló fi ń so iyanrìn, irun àti ìgbẹ́ kòkòrò pọ̀. Ihò wà ní ìkángun ilé náà méjèèjì, ó kàn ń yí padà nínú ẹ̀ ni. Níbi tí a bá ti họ ọ̀dà búlúù àtijọ́, ẹ̀rún búlúù ni mo máa ń rí lára tiwọn. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 14 lọ. Tó bá fẹ́ di àfòpiná, á gun ògiri, á so ìkángun ilé rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, á gé etí apá kan díẹ̀ kó lè rí ọ̀nà jáde.

Jàǹkárìwọ̀ àtijọ́ ló fẹ́ràn jù láti jẹ. Obìnrin onímọ̀ kan ní Panama, Annette Aiello, tó kọ̀wé nípa wọn ní 1979, òkú ẹ̀fọn àti irun orí ara rẹ̀ ló fi sìn wọ́n. (Apárí lèmi, wọn ò lè rí jẹ lọ́dọ̀ mi.)

Ẹ gbá jàǹkárìwọ̀ kúrò, láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé àjà, kí ẹ sì wá ibi tí omi ti ń wọ ògiri, torí ọ̀rinrin ló ń gbé e ró. Pé kí ẹ kun ọ̀dà lé ògiri tútù, owó lásán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni màá gba owó ọ̀hún.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, sà. Àǹkárá mi tó wà nínú àpótí ńkọ́?

Pẹ́ntà Ìkòròdú: Òwú nìyẹn, kò wù ú. Aṣọ onírun àgùntàn ni kí ẹ máa ṣọ́.

Wàsíù Ẹ̀pẹ́: Ta ló ń wọ onírun nínú ooru Èkó?

Pẹ́ntà Ìkòròdú: Àwọn lọ́yà ńkọ́? Tàwọn ti wíìgì onírun ẹṣin.