Owó oṣù mi ń ta wọ́n lójú ní Pangyo

Ìjẹ̀bú-Pangyo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti bá àwọn ará Kòríà ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Oṣù mẹ́jọ rèé tí iléeṣẹ́ wa ti gbé mi láti London wá sí Pangyo níbí, lẹ́bàá Seoul ní Kòríà, pé kí n ṣe ọ̀gá fún èèyàn mẹ́rìnlá tó ń kọ sọ́fítíwíà. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí. Igbákejì mi, tí ipò rẹ̀ ń jẹ́ chajang, fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ yìí. Òun ni gbogbo wọn rò pé àga yìí kàn.

Wọn ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá mọ èsì tí n ó fọ̀. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń tẹrí ba. Àmọ́ tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀kan náà lọ jẹun, kí n tó gbójú sókè, ó ku èmi àti kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí KakaoTalk, WhatsApp tiwọn níbí, tí mi ò sí níbẹ̀. Tí mo bá gbé iṣẹ́ kalẹ̀ nípàdé, "bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" ni gbogbo wọn. Tí ọ̀sẹ̀ bá yí po, iṣẹ́ ò tíì kúrò lójú kan.

Mo mọ ọjọ́ tó bàjẹ́ gan-an. Lóṣù kìíní, nígbà tí kálukú ń kó rìsíìtì jọ fún ìṣirò owó orí ọdún, kí tiwọn lè dín kù, ẹnì kan bi mí bóyá mo ti ṣe tèmi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní tèmi ò le, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó parí. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣírò mi: ilé tí iléeṣẹ́ ń sanwó rẹ̀ ní Hannam-dong, owó ilé ìwé ọmọ méjì, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ́dọọdún.

Ọmọ Èkó, Peckham:
Ìlara ni jàre. Gba owó ẹ. Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n má san tiwọn ni?

Ìyá Ìbejì, Suwon:
Ọmọ Èkó, fi ti Peckham sílẹ̀ sí Peckham. Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdá 19 yẹn, òfin ló gbé e kalẹ̀ fún àjèjì tó bá ń ṣiṣẹ́ níbí, ọdún márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, láti 2023 wọ́n sọ ọ́ di ogún ọdún. Ọmọ onílẹ̀ tí owó rẹ̀ bá ga gan-an lè bá a dé ìdá 45 lórí apá tó ga jù nínú owó náà. Ìwọ kọ́ lo ṣòfin. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀rín lójú ẹni tó ń kó rìsíìtì oògùn ìyá ẹ̀ jọ.

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè méjì. Kí lò ń pe chajang yẹn? Tí ẹ bá sì jáde lọ mu kọfí, ta ló ń sanwó?

Ìjẹ̀bú-Pangyo:
Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti ní kí gbogbo wa máa pe ara wa lórúkọ, Àǹtí, kára lè tù wọ́n. Kọfí, kálukú ń san tiẹ̀ ni, bí a ṣe ń ṣe ní London.

Ìyá Ìbejì, Suwon:
Háà! O pe ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ẹ́ lọ lórúkọ gbàǹgbà? Lọ dán an wò ní Ìjẹ̀bú-Òde kí o padà wá ròyìn. Wọ́n ní "o" àti "ẹ" tiwọn níbí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní in. Orúkọ ipò ni wàá pè, wàá sì fi "nim" sí i nídìí: chajang-nim.

Kọfí wá ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú tí a mọ̀ mọ́ ìnáwó! Níbí, ẹni tó bá wà lókè ló ń sanwó. Wọ́n fara mọ́ ọn pé kí owó ọ̀gá pọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò máa padà sọ́dọ̀ àwọn díẹ̀díẹ̀, nínú oúnjẹ, nínú ìgbéyàwó, nínú òkú. Tìẹ ń wọlé, kò ń jáde. Ìyẹn ló ń ta wọ́n lójú.

Oúnjẹ alẹ́ ẹgbẹ́, hoesik, máa lọ. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi bu soju, ọtí wọn, fún wọn. Tí o ò bá ń mu ọtí, sọ bẹ́ẹ̀, kí o bu omi síkọ̀ọ̀bù. Ibi àkọ́kọ́ nìkan ni kí o jókòó sí. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ síbi kejì, fún chajang ní káàdì, kí o máa relé. Ọ̀gá tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó lọ, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju èyí tó ń kọrin títí di òru.

Ọmọ Èkó, Peckham:
Àmọ́ Hiddink, òyìnbó tó kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kòríà, náà ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa pe ara wọn lórúkọ, ẹ sì rí i pé ó ṣiṣẹ́.

Àgbà Ulsan:
Orí pápá ni, nítorí bọ́ọ̀lù ò ní dúró de ìkíni. Ẹ sì má gbàgbé bí wọ́n ṣe fojú Hiddink gbolẹ̀ lọ́dún 2001, nígbà tí Faransé gbá wọn ní 5 sí òdo, tí Czech náà tún gbá wọn ní 5 sí òdo. "Márùn-ún sí òdo" ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà tó na Portugal, Italy àti Spain lọ́dún 2002 ni wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ìlú. Ti àwọn LG Electronics ò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2007 ni wọ́n ti ń kó àjèjì sípò gíga. Òwò fóònù bàjẹ́, ọ̀gá tuntun dé lóṣù kẹwàá 2010, wọ́n sì jẹ́ kí àdéhùn àwọn àjèjì náà parí bẹ́ẹ̀.

Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Chajang yẹn ló ni àkísà ibẹ̀. Kó o tó gbé ohunkóhun dé ìpàdé, lọ bá a ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó bá ẹ wò ó. Tó bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ á sún.

Aago mélòó lo ń kúrò níbi iṣẹ́?

Ìjẹ̀bú-Pangyo:
Mẹ́fà. Àmọ́ aago mẹ́wàá alẹ́ ni London ń pè mí, torí aago méjì ọ̀sán ni tiwọn nígbà ooru ọ̀hún.

Àgbà Ulsan:
Ṣé wọ́n mọ̀?

Ìjẹ̀bú-Pangyo:
...Rárá, sà.

Dókítà Daejeon:
Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí o. Àwọ̀ wa náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Láti July 16, 2019 ni òfin ti lòdì sí fífi ìyà jẹni níbi iṣẹ́, níbikíbi tí òṣìṣẹ́ bá ti pé márùn-ún, ó sì kan àjèjì. Máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ohun tí wọ́n ṣe, ẹni tó wà níbẹ̀. 1350 ni nọ́ńbà ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Suwon:
Dókítà, nítorí oúnjẹ ọ̀sán?

Dókítà Daejeon:
Mi ò ní kó pè lónìí, mà. Mo ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Pangyo (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta):
Àǹtí, ẹ dákun, ìyá chajang ṣaláìsí láàárọ̀ yìí. Kí ni mo máa ṣe?

Ìyá Ìbejì, Suwon:
Lọ lálẹ́ òní, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń ṣòkú. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣòkú wà nílé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Kóòtù dúdú, àpòòwé funfun, 100,000 won, kọ orúkọ ẹ sẹ́yìn àpòòwé. Má fi 40,000 sí i láé. Ìró "mẹ́rin" wọn jọ ti ikú. Kúnlẹ̀, tẹrí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú fọ́tò, lẹ́ẹ̀kan fún chajang. Tí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ pupa wá, jókòó kí o jẹ ẹ́. Má fi kọ́ọ̀bù kan kọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

Ìjẹ̀bú-Pangyo:
Mo ti dé. Ó ku díẹ̀ kí n nà gbalaja bíi ti ilé, mo rántí pé eékún ni. Mo jókòó títí di ọ̀gànjọ́. Nígbà tó yá, chajang-nim wá jókòó tì mí, ó bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé, àti wákàtí mélòó ni bàálù ń rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lónìí Monday, aago méjìlá, ọmọdébìnrin tó kéré jù níbi iṣẹ́ dúró nídìí tábìlì mi: "Bujang-nim (ipò tèmi nìyẹn), ṣé ẹ ń bọ̀?" Mo san owó kọfí.

Ọmọ Èkó, Peckham:
Ẹgbẹ́ KakaoTalk ńkọ́?

Ìjẹ̀bú-Pangyo:
Mi ò tíì sí níbẹ̀. Dókítà, mo ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀.