Ibo ni ìyàtọ̀ àárín "elder" àti "older" ti wá?

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn èdè. Ọmọ mi kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé "My brother is elder than me". Olùkọ́ rẹ̀ fi bírò pupa fa igi lé "elder", ó kọ "older" sórí rẹ̀, kò sì ṣàlàyé ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ "elder brother" ni gbogbo wa ń sọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá wa wí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, èwo ló sì ṣáájú?

Àgbà Olùkọ́ fèsì:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. "Elder" ló ṣáájú. Kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, "eald" ni wọ́n ń pe ẹni tó dàgbà, wọn a sì pe ẹni tó dàgbà ju ẹnìkejì lọ ní "ieldra". Ohun tó yí fáwẹ̀lì náà padà ni pé, ṣáájú ìgbà yẹn, ìró "i" wà nínú àfòmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, ìró yìí sì ti fa fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó pòórá. Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa Yorùbá, nítorí pé láti ẹ̀yìn ni àǹkóò fáwẹ̀lì tiwa náà ti ń darí iwájú: inú "kú" la ti rí "òkú", inú "dẹ" la sì ti rí "ọdẹ".

Nígbà tó yá, wọ́n fi "-er" mọ́ "old" gan-an, bí wọ́n ṣe sọ "strengra" di "stronger", tí wọ́n sì sọ "lengra" di "longer". Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "elder" nìkan ló rí ibi fẹ̀yìn tì, nínú ẹbí àti láàárín àwọn àgbà ìjọ.

Akọ̀wé Ìbàdàn fèsì:
Ẹ má bá ọmọ náà wí, "ẹ̀gbọ́n" ló wà lọ́kàn rẹ̀. Iṣẹ́ tí "ẹ̀gbọ́n" ń ṣe fún wa ni "elder" ń ṣe lónìí: ipò ẹni nínú ilé ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí kò fi gba "than" mọ́ra. Bí wọ́n bá kọ "William Pitt the Elder", bàbá ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. "Older" la fi ń wọn ọjọ́ orí, bí ìgbà tí a bá ní "ó fi ọdún méjì jù mí lọ".

Ọmọ Ìlàrọ̀ fèsì:
Àwọn ará Jámánì kò pa tiwọn tì: "alt" àti "älter" ni títí dòní, ìbáà jẹ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ ilé. Igi tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "elder" kò bá wọn tan rárá.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ti tún gbólóhùn náà kọ: "My elder brother is two years older than me."