Kí la ó pe pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù fún ààyè ìṣàmú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Àbá tí ẹnì kan mú wá lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ni mo fẹ́ fèsì sí. Ó ní ká máa sọ pé ikọ̀ kan “ta” agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ká pe ètò tí wọ́n fi ń mú ọ̀dọ́ tuntun ní “ìyàn”, kí ààyè tó dára jù níbẹ̀ sì jẹ́ “ìyàn gíga”. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí Galatasaray ra Victor Osimhen lọ́wọ́ Napoli lọ́dún 2025, mílíọ̀nù 75 yúrò ni wọ́n san. Títà nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ti NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, yàtọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Seattle Seahawks yọ̀ǹda Russell Wilson, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, fún Denver Broncos. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta ni Denver fi dípò rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ tuntun nígbà márùn-ún. Seattle náà fi irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kan, ní ìpele kẹrin ètò náà, kún Wilson. Pààrọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ní ti “ìyàn”, ẹni tó bá kà á lójijì, ìyàn tó mú nílùú ni yóò rò. “Ìṣàmú” ni mo dábàá, torí ikọ̀ ló ń ṣà, tó sì ń mú. Ọ̀dọ́ náà kì í yan ibi tí yóò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù ni ohun tí àwọn ikọ̀ ń gbé fún ara wọn. Kì í ṣe ènìyàn. Ó dà bí ìgbà tí èsúsú kan ẹnì kan láti kó, tó wá gbé ìgbà tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ “ààyè ìṣàmú”. Ọ̀kan lára ààyè tí Denver fi sílẹ̀ wà ní ipò 40 lórí ìlà ìṣàmú, òun ni Seattle sì fi mú Boye Mafe, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Bí a bá kọ ọ́ pé “wọ́n ta Wilson, wọ́n fi ra Mafe”, irọ́ la pa. Lóṣù kẹta, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Mafe ni yóò bọ́ sí ààyè yẹn; ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n tó ṣà á.

“Gíga” ló ṣini lọ́nà jù. Ikọ̀ tó ṣe burúkú jù lọ́dún tó kọjá ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣà, nọ́ńbà tó kéré jù ló sì dára jù. Bí ẹ bá ní “ipò gíga”, ipò 200 ni yóò wá sí mi lọ́kàn! Lédè wa, ẹni tó ṣáájú lórí ìlà, iwájú ló wà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé “ààyè iwájú”. Lọ́dún 2022, nínú ìdíje 17, márùn-ún péré ni Denver borí, ni ààyè wọn tó ti di ti Seattle bá bọ́ síwájú gan-an, sí ipò 5 lọ́dún 2023. Devon Witherspoon ni wọ́n fi mú. Dallas náà wà ní ipò 21 lọ́dún 1990, wọ́n bá Pittsburgh pààrọ̀, wọ́n sún síwájú sí ipò 17, wọ́n sì mú Emmitt Smith. Kí ẹni tó fẹ́ “gíga” fi kọ gbólóhùn yìí fún wa, ká jọ wò ó.