Àìbáramu yàtọ̀ sí àìdúróṣinṣin: lórí orúkọ àwọn àìsàn kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìgbéga

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka àbá yín lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ kí a fún wàhálà àwọn kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ń gbé láti Windows 10 bọ́ sí Windows 11, látìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ ní kí a máa pe gbogbo wàhálà tó bá tẹ̀lé ìgbéga (upgrade) ní "àìbáramu" (incompatibility), kí orúkọ kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àbúrò wa láti Ìsánlú dáhùn pé "àìdúróṣinṣin" (instability) ló péye jù. Mo gba ọ̀rọ̀ méjèèjì wọlé, àmọ́ mi ò gbà kí ọ̀kan jókòó sórí àga èkejì. Àìsàn méjì ni wọ́n, ìtọ́jú wọn ò jọra, ẹni tó bá sì fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì níwájú ẹnjiníà ní Kabba tàbí Ìyàrà, á sanwó iṣẹ́ tí kò jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú àìbáramu kọ́kọ́. Àmì rẹ̀ ni pé kì í yí padà. Nǹkan tí kò bára mu lónìí ò ní bára mu lọ́la, àṣìṣe kan náà ló máa ń yọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó ń bá Windows 7 onípò 32-bit (ìlànà iṣẹ́ àtijọ́, 64-bit ni ti òde òní) ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Windows 11 ò ní ẹ̀dà 32-bit rárá, 64-bit nìkan ló wà. Ohun tí wọ́n kọ fún 32-bit láti máa bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ nínú 64-bit, bí a tilẹ̀ yọ ọ́ tí a tún un fi sí i nígbà ogún. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ò bá kọ tuntun, ó parí nìyẹn. Áàpù 32-bit lásán ṣì ń ṣí ní tirẹ̀, torí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní gbogbo ohun onípò 32-bit ló ti kú. Áàpù 16-bit ayé ijọ́un ni kò lè ṣí mọ́.

Ẹnì kan dábàá "ìbádọ́gba" dípò "ìbáramu". Mi ò fara mọ́ ọn. Dídọ́gba ni kí méjì tó ara wọn, bẹ́ẹ̀ áàpù tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 lè bá Windows ọdún 2021 ṣiṣẹ́ láìsí ìjà kankan. Wọn ò dọ́gba, wọ́n kàn bára mu ni. "Ìbáramu" tún sàn ju "ìbámu" lọ fún mi, nítorí "ara" tó wà láàárín rẹ̀ ń jẹ́ ká rántí pé ọ̀ràn ẹni méjì ni, a ò sì mọ ẹni tó jẹ̀bi títí a ó fi wo ọ̀tún wo òsì.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti ṣàlàyé sí i ni oríṣi àìbáramu méjì, nítorí ibẹ̀ ni owó ń gbà jáde lápò àwọn èèyàn. Àkọ́kọ́ ni àìbáramu òfin. Microsoft ní kí kọ̀ǹpútà tó máa gba Windows 11 ní TPM 2.0 (ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò), UEFI (ètò òde òní tó ń jí kọ̀ǹpútà dìde) tó lè ṣe Secure Boot (ìdáàbòbò nígbà tó bá ń dìde), RAM 4GB, àyè ìpamọ́ 64GB, àti ọpọlọ Intel ìran kẹjọ lọ sókè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n sọ pé "kò bára mu" ní TPM, wọ́n kàn pa á nínú BIOS, ojú ìwé ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó dìde, ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ tpm.msc, kí ẹ wo bóyá Specification Version jẹ́ 2.0. Bí ó bá ní òun ò rí TPM, ẹ wọ BIOS, ẹ wá PTT bó bá jẹ́ Intel, tàbí fTPM bó bá jẹ́ AMD (orúkọ tí wọ́n ń pe TPM níbẹ̀ ni), kí ẹ tàn án. Lẹ́yìn náà ẹ kọ msinfo32, ẹ wo BIOS Mode. Bó bá ka Legacy, ìlànà àtijọ́ ni, dísíìkì yín sì lè jẹ́ MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pín dísíìkì, nígbà tí UEFI fẹ́ GPT. Nínú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator, "mbr2gpt /validate /allowFullOS" á sọ bóyá ó ṣeé yí padà láìpa fáìlì rẹ́. Ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíì kí ẹ tó fi /convert rọ́pò /validate láti yí i padà, kí ẹ sì rántí pé bí ìyípadà bá ti parí, BIOS gbọ́dọ̀ kúrò ní Legacy bọ́ sí UEFI, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà ò ní dìde.

Èkejì ni àìbáramu ẹ̀dá. Láti ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò bá ní SSE4.2 (àkójọ àṣẹ kan nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀) ò lè gbé Windows 11 dìde. Àwọn èèyàn ń wá ọgbọ́n yí òfin TPM po, Microsoft ò sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tó lè fi àṣẹ tí kò sí nínú ọpọlọ kún un. Ẹni tó bá ní àìbáramu òfin lè dúró kó ronú. Ẹni tó bá ní ti ẹ̀dá, kó fi Linux, ètò ìṣiṣẹ́ míì, sí i tàbí kó ra òmíràn, kó má sì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá ní òun á "ṣe é".

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó gbóná jù nínú àbá yín, ohun tí ètò ìṣiṣẹ́, bíi Windows, fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní driver. Ẹ pè é ní "awakọ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń wa mọ́tò Kabba sí Lọ́kọ́ja. Awakọ̀ ló ń darí, òun ló mọ ibi tí a ń lọ. Ohun tí à ń wí yìí ò darí ẹnikẹ́ni. Windows sọ ọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀, káàdì Wi-Fi gbọ́ èdè tirẹ̀, ẹni tó dúró láàárín tó ń túmọ̀ fún àwọn méjèèjì ni. Ògbufọ̀ ni. Wọ́n tún dábàá "agbẹnusọ", ṣùgbọ́n ti ẹnì kan ṣoṣo ni agbẹnusọ máa ń sọ. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjì. Bí Windows bá sì ti yí èdè rẹ̀ padà díẹ̀ nígbà ìgbéga, ògbufọ̀ àtijọ́ á máa ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀ tàbí kó dákẹ́ pátápátá.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú Device Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀rọ àti kóòdù àṣìṣe wọn. Code 28 ni pé ẹ̀rọ wà, kò sí ògbufọ̀. Code 10 ni pé ẹ̀rọ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Code 39, ògbufọ̀ ti bàjẹ́ tàbí ó ti sọnù. Code 52, Windows ò rí òǹtẹ̀ tó fi lè dá ògbufọ̀ náà mọ̀. Bí ògbufọ̀ tuntun bá ń dá wàhálà sílẹ̀, Roll Back Driver wà nínú Properties ẹ̀rọ náà, á dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ Memory Integrity, ààbò kan lábẹ́ Core isolation nínú Windows Security, ló kọ ògbufọ̀ àtijọ́, ẹ wá ti tuntun kí ẹ tó ronú àtipa ààbò yẹn, nítorí ibi tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú ètò ìṣiṣẹ́ ló ń ṣọ́.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ fojú fò. Kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà ga, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ ṣẹ̀dá fódà kan lórí fíláàṣì, kí ẹ sì kọ "pnputil /export-driver * E:\ogbufo", bí fíláàṣì yín bá jẹ́ E. Á kó gbogbo ògbufọ̀ tí a fi kún Windows síbẹ̀. Bí ti Wi-Fi bá sọnù lẹ́yìn ìgbéga, ẹ ò ní lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá a, èyí tó wà lórí fíláàṣì nìkan ló lè gbà yín. Tí ẹ bá fẹ́ fi fíláàṣì ṣe ìgbéga fúnra rẹ̀, ó kéré tán kó jẹ́ 8GB, òfìfo, kó sì yàtọ̀ sí èyí tí ògbufọ̀ wà lórí rẹ̀, nítorí wọ́n á nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Fáìlì Windows 11 ju 5GB lọ, ẹ ra dẹ́tà tó máa tó o.

Àìdúróṣinṣin ní tirẹ̀ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Ẹ̀rọ ń tẹ̀wé, ohùn ń jáde, Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ bára mu. Lójijì kọ̀ǹpútà á dúró. Wọ́n á tún un tàn, á ṣiṣẹ́ dọ̀la, á tún dúró. Àwọn kan ní "ìdúróṣinṣin" ti di ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí, pé ènìyàn ló ń dúró ṣinṣin. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò yẹ̀ náà là ń wí. Ohun tó wù mí ni pé kí orúkọ ṣeé fi ìwọ̀n sí, torí Windows gan-an ń wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ "perfmon /rel", àwòrán ìlà kan á jáde tó ń fi ìdúróṣinṣin kọ̀ǹpútà hàn láti 1 dé 10 lójoojúmọ́, pẹ̀lú àmì pupa ní ọjọ́ tí áàpù tàbí Windows bá dákú. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ ṣe ìgbéga lórí ìlà náà. Bí àmì pupa bá ti wà níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ fi Windows tuntun sílẹ̀, kí ẹ yẹ RAM wò pẹ̀lú mdsched.exe, irinṣẹ́ Windows fún àyẹ̀wò RAM, lẹ́yìn náà kí ẹ yẹ dísíìkì wò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéga, ògbufọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Fún ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹyọ kan ò tó. Mo dábàá mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà "gan" nígbà tí ojú rẹ̀ dúró sójú kan, tí asin (mouse) ò mira, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan. Ó "dákú" nígbà tí Windows fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, tó kọ kóòdù ìdádúró sójú, tó sì tún ara rẹ̀ tàn. "Iná já mọ́ ọn lójú" nígbà tí agbára bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìkẹta yìí ló máa ń dojú ọ̀ràn rú níhìn-ín, torí ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá dìde lẹ́yìn tí iná lọ, Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ Windows, á kọ Kernel-Power 41, àwọn èèyàn á sì pariwo pé Windows 11 ti dákú. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ náà, ẹ wo BugcheckCode. Bó bá jẹ́ 0, Windows ò rí àkọsílẹ̀ ìdákú kankan. Ẹ kọ́kọ́ wo iná, bátìrì, ṣájà àti UPS. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà míì, ó dákú lóòótọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì lè wà nínú C:\Windows\Minidump.

Ẹ tún dábàá "ojú aláró" fún ìdákú, nítorí àwọ̀ búlúù tí gbogbo wa mọ̀. Ó dùn létí. Àmọ́ lọ́dún 2025 Microsoft sọ ojú yẹn di dúdú nínú Windows 11. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ "ojú ìdákú", kí àwọ̀ máa yí bó ṣe wù ú.

Kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ ò sí nínú èyíkéyìí. Bí Task Manager bá fi dísíìkì hàn ní 100% tó sì jẹ́ dísíìkì oníyíyí, SSD, dísíìkì tí kì í yí, ni òògùn rẹ̀.

Bí fáìlì Windows bá bàjẹ́ nígbà ìgbéga, pàápàá bí iná bá já láàárín, "DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth" ni kí ó ṣáájú nínú Command Prompt ti administrator, kí "sfc /scannow" tẹ̀lé e; irinṣẹ́ Windows fún àtúnṣe fáìlì rẹ̀ ni méjèèjì. Ìdí ni pé inú ibi ìpamọ́ tí DISM ń tún ṣe ni sfc ti ń mú fáìlì rere. Bí ibi ìpamọ́ bá ti bàjẹ́, kò ní rí ohun rere mú. DISM sábà máa ń jẹ dẹ́tà.

"Ìmúdójúìwọ̀n" (update) àti "ìgbéga" náà ò gbọdọ̀ di ọ̀kan, torí ọ̀nà àbọ̀ wọn yàtọ̀. Ìmúdójúìwọ̀n kan ṣeé yọ lábẹ́ Uninstall updates. Ìgbéga ní ọjọ́ 10 péré láti padà, nínú Settings, System, Recovery, Go back. Inú fódà Windows.old ni Windows àtijọ́ wà, ẹni tó bá nu ún láti fi àyè sílẹ̀ ti sun afárá nìyẹn. Bí ọjọ́ 10 bá kéré, kó tó pé ni kí ẹ kọ "DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60", ọjọ́ 60 ló pọ̀ jù.

Fún àwa tí a ń kọ Yorùbá, àìbáramu kan tún wà tí ẹnjiníà ò ní bá wa rí. Àwọn ìwé kan tí a tẹ̀ láyé àtijọ́ lo fọ́ǹtì tó fi ẹ àti ọ sórí nọ́ńbà lẹ́tà míì. Bí ìgbéga tàbí kọ̀ǹpútà tuntun ò bá ní fọ́ǹtì yẹn, lẹ́tà àjèjì ló máa hàn, kò sì sí fọ́ǹtì tuntun tó lè tún un ṣe, àfi kí a yí àwọn lẹ́tà náà sí Unicode, ìlànà àgbáyé tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, níbi tí ẹ ti jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, tí ṣ sì jẹ́ U+1E63. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. U+1EB9 ni, tí U+0301 tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé orí lẹ́tà á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ṣe ìyípadà yìí nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì ń fi lẹ́tà tó tọ́ hàn, kí ẹ lè máa fojú bá a wò.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò, Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Microsoft bá mọ̀ pé ògbufọ̀ tàbí áàpù kan ń ba ẹ̀dà tuntun jẹ́, kì í fún kọ̀ǹpútà tó ní i ní ìgbéga náà nínú Windows Update títí wọ́n á fi rí àtúnṣe. Ẹ pè é ní "ìdènà". Ìdènà dàbí ohun tí a kọ̀ fúnni pátá, èèyàn á sì máa wá bó ṣe máa fò ó, á wá kó sínú ìdákú tí wọ́n ń dá a dúró nítorí rẹ̀. Èmi fẹ́ "ìdádúró", nítorí á kúrò fúnra rẹ̀ bí àtúnṣe bá dé. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù tí gbogbo àwa Okun, Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá.