Ìdáhùn: «Egungun àtọwọ́dá»? Ọwọ́ wo ló dá a?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, mo kí yín.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe ohun oníhò tí dókítà eegun ń fi dí àlàfo eegun ní «egúngún àtọwọ́dá». Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àmì ohùn. Egungun ló wà nínú ẹsẹ̀. Egúngún, ará ọ̀run ni. Ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ fún odindi ìran kò gbọdọ̀ ṣe àṣìkọ yẹn.

«Dá» gan-an ló ń bí mi nínú. Bí eegun bá ti wà nítòsí, «dá» ti «ẹsẹ̀ rẹ̀ dá» ni etí kọ́kọ́ ń gbọ́. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀: ọ̀pá títéníọ́mù tí wọ́n ń kì bọ inú eegun itan, àtọwọ́dá ni lóòótọ́. Bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde ló ṣe ń wà lára (ó sì le ju eegun lọ ní ìlọ́po bíi 6, òun ló ń gbé ẹrù, ni eegun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ń fẹ́lẹ́). Tiwa yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kálísíọ́mù fọ́síféètì ni, ihò rẹ̀ tó bíi 0.3 mílímítà, ọ̀kan já sí èkejì. Bí ihò bá kéré ju 0.1 lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè wọlé dáadáa. Bí wọn kò bá sì já síra wọn, sẹ́ẹ̀lì àárín yóò kú, torí ọ́síjìn kì í rìn jìnnà ju nǹkan bíi 0.2 mílímítà lọ láti ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú ihò wọ̀nyí lọ ṣe eegun tuntun. Gíláàsì tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Larry Hench ṣe fún eegun ní Florida ní 1969 pàápàá, ọwọ́ ló dá gíláàsì, àmọ́ inú ara ni awọ tó lẹ̀ mọ́ eegun ti hù sí i lára.

Àwọn bàbá tó ń to eegun mọ èyí. «Mo tò ó» ni wọ́n ń wí. Eegun ló ń so ara rẹ̀ pọ̀.

Afárá-eegun ni mo dábàá. Ẹnì kan ní afárá kì í yọ́ bí ohun yìí ṣe ń yọ́ nínú ara, kí orúkọ náà fi yíyọ́ hàn. Rárá o. Afárá oyin ni mo wò, kì í ṣe ti odò, yíyọ́ kò sì dọ́gba: kálísíọ́mù súlféètì tí wọ́n tún ń fi dí àlàfo, ọmọ ìyá POP, lè yọ́ tán láàárín oṣù méjì kí eegun tó kún àlàfo, hydroxyapatite, irú kálísíọ́mù fọ́síféètì kan, lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ihò ló wà nínú èyí tí à ń wá orúkọ fún.

Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju afárá lọ, kó mú un wá. Kó má ṣáà ti ní «dá» nínú.